Nígbà tí Oǹdó di "Bẹ́ẹ̀ Ni": ìbéèrè àwọn òǹkàwé lórí èdè ìṣètò tuntun

Lẹ́tà mẹ́fà ni a yàn láti dáhùn lóṣù yìí láti ọ́fíìsì wa ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí ká: Pkl, èdè kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí wọ́n ṣí orísun rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Bí àwọn Òyìnbó ṣe ń pe apálá tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, "pickle", ni a ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èdè tí a fi ń kọ eré orí fóònù tàbí ètò ilé ìfowópamọ́. Fáìlì ìṣètò ni a fi ń kọ, ìyẹn àwọn fáìlì tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ kà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti rí dátà, iye owó tí yóò gbà, àwọn tí yóò dá lóhùn àti àwọn tí kò gbọdọ̀ dá lóhùn. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

*Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtókú, èmi ni mo sì ń bójú tó ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń tajà fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Mo kọ iye owó ìfiránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì YAML kan (YAML ni ìlànà kan tí a fi ń kọ fáìlì ìṣètò), lẹ́tà méjì-méjì ni mo sì fi dúró fún ìpínlẹ̀: OG fún Ògùn, OY fún Ọ̀yọ́, OS fún Ọ̀ṣun, EK fún Èkìtì, ON fún Oǹdó. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ àfi Oǹdó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra aṣọ láti Àkúrẹ́, ojú òpó wa á sọ fún un pé a kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kí a tó mọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò kéde àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn náà ni mo tún rí i pé nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà mélòó kan ti yí padà nínú fáìlì kejì, tí ti àwọn yòókù kò sì yí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Pańṣẹ́kẹ́ ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú Pkl. Ṣé òótọ́ ni pé yóò wo àrùn yìí sàn?*
— Òǹkàwé kan, Ìtókú

Àrùn náà ní orúkọ, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ó ń bá jà. Àwọn tí ń kọ kóòdù ní òkè òkun ń pè é ní ìṣòro Norway, nítorí pé NO ni lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè náà, YAML sì ń ka NO sí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Tiyín ni a lè pè ní ìṣòro Oǹdó. Nínú àkójọ àmì tí gbogbo ayé ń lò fún àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ON ni ti Oǹdó lóòótọ́, ẹ kò ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n ON yìí kan náà ni YAML ń kà sí "bẹ́ẹ̀ ni", bí ìgbà tí ènìyàn bá tan iná.

Ọdún 2001 ni YAML kọ́kọ́ jáde. Ohun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ń fẹ́ ni kí ọmọ ènìyàn lè ka fáìlì láìsí pé àmì kún ojú ìwé, nítorí náà wọn kò fi dandan lé e pé kí a fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ojú àánú yìí ló bí wàhálà. Nígbà tí kò bá sí àmì, kọ̀ǹpútà ni yóò máa dá a rò bóyá ohun tí a kọ jẹ́ ọ̀rọ̀, tàbí nọ́ńbà, tàbí bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ẹ̀dà 1.1 èdè náà sì rèé, yes, no, on àti off kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ lẹ́tà kékeré ni a fi kọ wọ́n tàbí lẹ́tà ńlá. Ẹ̀dà 1.2 tó jáde ní ọdún 2009 ti yọ àṣà yìí kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kò bá a lọ. PyYAML, irinṣẹ́ tí àwọn tí ń lo èdè kọ̀ǹpútà Python sábà máa ń lò, ẹ̀dà 1.1 ni ó ṣì ń tẹ̀lé. Nígbà tí ètò yín wá wo àkójọ náà láti wá ON, kò rí i, nítorí pé ohun tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà méjì mọ́. Kò sì sí àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ì bá kéde, torí pé lójú tirẹ̀, ohun tí ẹ kọ gan-an ni ó kà.

Ìyekan rẹ̀ ni ti nọ́ńbà fóònù. Nínú ẹ̀dà 1.1 yẹn, nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, tí kò sì sí 8 tàbí 9 nínú rẹ̀, ònkà onímẹ́jọ-mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ń kà á sí, kì í ṣe ònkà onímẹ́wàá-mẹ́wàá tí a fi ń ná ọjà. Bí ẹ bá kọ 0703 sílẹ̀ láìsí àmì àyọlò, 451 ni yóò dà. Ẹ lọ yẹ àwọn nọ́ńbà tó yí padà wò; mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ kò ní rí 8 tàbí 9 nínú ìkankan wọn. Àwọn tó ní 8 tàbí 9 ni kò yí, nítorí pé ònkà onímẹ́jọ-mẹ́jọ kò mọ irú àmì bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà sì fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan èdè tuntun kankan, ẹ ṣí fáìlì méjèèjì ní alẹ́ òní, kí ẹ fi àmì àyọlò sí ON àti gbogbo nọ́ńbà fóònù. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, Àkúrẹ́ á sì padà sí orí àwòrán ilẹ̀ yín.

Ní ti Pkl, bẹ́ẹ̀ ni, yóò wo irú àrùn yìí sàn, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, kò fi àyè sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti máa dá ohun tí ẹ kọ rò. Gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì àyọlò. Bí ẹ bá kọ ON lásán, yóò rò pé orúkọ nǹkan kan tí ẹ ti dá sílẹ̀ ni, yóò wá a, kò ní rí i, yóò sì dúró síbẹ̀, yóò tọ́ka sí ìlà tí ẹ ti ṣe àṣìṣe náà. Èkejì, tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù, ẹ lè kọ òfin tí iye kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ẹ wo fáìlì kékeré yìí, tí mo sọ ní Ifiranse.pkl:

ami: String(length == 2)
owo: Int(this > 0)

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí àmì ìpínlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà méjì, kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé. Ìkejì ní kí owó jẹ́ nọ́ńbà odindi tó ju òdo lọ. Ní ti fóònù, ẹ lè kọ String(length == 11), kò sì sí nọ́ńbà tí yóò dédé di 451 mọ́ láìjẹ́ pé èdè náà figbe ta. Lẹ́yìn èyí ni fáìlì ti Oǹdó:

amends "Ifiranse.pkl"
ami = "ON"
owo = 4000

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí àárín àdìrẹ ni ọ̀rọ̀ amends yìí máa tètè yé. Ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe máa ń gé àwòrán sára páànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n á gbé e lé aṣọ, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ kùn ún, tó sì jẹ́ pé bí aṣọ ṣe lè pọ̀ tó, páànù kan náà ni. Ifiranse.pkl ni páànù. Fáìlì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ páànù rẹ̀, á sì kọ kìkì ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣì, tí ẹ kọ owoo dípò owo, kò ní gbà á, nítorí pé kò sí ihò tó bá ìyẹn mu lára páànù. YAML ì bá ti gbà á láìjanpata, ẹ ì bá sì tún máa wá ìdí tí owó Oǹdó kò fi yí padà.

Ètò tó wà lórí ojú òpó yín kò ní láti mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àṣẹ pkl eval -f yaml ni yóò sọ ohun tí ẹ kọ di YAML, tàbí JSON, ìlànà mìíràn tí a fi ń kọ dátà, bí ẹ bá yàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá sì ń kọ YAML, ó máa ń fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ bí ON fúnra rẹ̀ kí àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ má baà ṣì í kà.

Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó mọ iye owó tó tọ́. Bí ẹ bá kọ 40000 níbi tí ẹ fẹ́ kọ 4000, nọ́ńbà odindi tó ju òdo lọ ni méjèèjì. Ẹ lè fi ààlà sí i, Int(isBetween(1000, 15000)), ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí owó epo bẹntiróòlù ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè láìdágbére, ẹ ó máa padà wá gbé ààlà náà sókè lemọ́lemọ́, ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé, èdè náà á kọ̀ láti gba owó tó tọ́. Tèmi ni pé ààlà yẹn tó bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn fi sí i. Kí ó kọ̀ lójú yín nínú ilé sàn ju kí oníbàárà san ẹgbàá lọ́nà ogún fún ìfiránṣẹ́ ìró kan.

*Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Mo kà á pé ẹ̀dà Pkl àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síta ni 0.25. Báwo ni àkọ́kọ́ ṣe ń jẹ́ 25, kí sì ni òdo tó wà níwájú rẹ̀? Ṣé mo lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà

Inú ilé Apple ni wọ́n ti kọ èdè náà, ibẹ̀ ló sì ti ń dàgbà, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìta. Ìdí nìyẹn tí òǹkà rẹ̀ kò fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan lójú wa. Òdo iwájú ni ó yẹ kí ẹ tẹjú mọ́. Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ kóòdù fi ń fún ẹ̀dà ní nọ́ńbà, èyí tí Tom Preston-Werner kọ sílẹ̀, ohun tí òdo iwájú ń sọ ni pé iṣẹ́ ṣì wà lórí ìpìlẹ̀, àti pé ohunkóhun lè yí padà nígbàkúgbà. Kì í ṣe pé kò ṣeé lò. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó dá a kò tíì ṣèlérí fún yín pé ohun tí ẹ kọ lónìí yóò ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Láàárín ọdún 2024 yẹn kan náà ni ẹ̀dà 0.26 àti 0.27 tẹ̀lé e.

Abẹ́òkúta yìí yẹ kó tètè lóye irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá nílùú yìí, Irohin ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Ọdún 1875 ni àwọn ìjọ CMS tó jókòó ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, ó sì di ọdún 1974 kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí, èyí tó sọ Irohin di Ìròyìn, tó sì sọ aiye di ayé. Àwọn tó kọ̀wé kí ó tó di ìgbà náà kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹ̀dà 0.25 ni wọ́n fi kọ tiwọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kà á lónìí kàn ní láti mọ irú àkọtọ́ tí wọ́n lò ni.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ lò sínú ìwé iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà náà gan-an sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ má sì gba tuntun títí ẹ óò fi dáàbò bo iṣẹ́ náà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Àyè wà nínú fáìlì Pkl láti kọ minPklVersion, èyí tí yóò mú kí èdè náà kọ̀ jálẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ẹ̀dà tó kéré ju ti yín lọ kà á. Bí ẹ bá mú kóòdù ẹlòmíràn wọlé gẹ́gẹ́ bí ìdì, Pkl máa ń ti ẹ̀dà ìdì náà pa, pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ tí yóò fi mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Python ni ẹ fi ń ṣe ìyókù iṣẹ́ náà, ẹ mọ̀ pé Java, Kotlin, Swift àti Go ni wọ́n pèsè ohun èlò ìsopọ̀ fún níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí Pkl kọ JSON síta, kí Python kà á.

Nítorí náà, fún iṣẹ́ àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ óò rí ohun gidi kọ nípa rẹ̀, nítorí pé èdè tó ṣì ń yí padà ní ìtàn tí èdè tó ti gbó kò ní. Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ fi ṣètò ọ̀nà tí gbogbo yunifásítì fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, èsì mi á yàtọ̀.

*Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Òkè-Mọ́sàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ mi fẹ́ lo èdè yìí, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ lónìí, lọ́la ńkọ́? Bí àwọn tó ni ín bá yí ọkàn padà, tí wọ́n ní ká wá san owó?*
— Òǹkàwé kan, Òkè-Mọ́sàn

Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ HashiCorp kéde pé Terraform, tí àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé fi ń ṣètò àwọn kọ̀ǹpútà wọn, kò ní wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Mozilla tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́; wọ́n gbé e sábẹ́ òmíràn tó de ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi bá wọn díje. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ẹ̀dà tó ti jáde tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà wọ́n, àwọn ènìyàn kan sì mú èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ lórí rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní OpenTofu, ó sì wà lábẹ́ Linux Foundation títí di òní.

Ìwé àṣẹ Apache ẹ̀dà 2.0, tó ti wà láti ọdún 2004, ni wọ́n fi Pkl sí abẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àṣẹ tí a fún yín láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àti láti pín in jẹ́ ti títí láé, kò sì ṣeé gbà padà. Ẹ̀dà tí ẹ gbà lónìí, tiyín ni. Èyí tí wọn kò tíì kọ ni wọ́n lè yí òfin rẹ̀ padà. Ìwé kan náà sì sọ gbangba pé kò sí ẹ̀rí kankan lórí ohun tí a fún yín: bí ó bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ẹ óò gbé lọ sí ilé-ẹjọ́.

Ohun tí èmi ì bá bẹ̀rù jù ní ipò yín kì í ṣe owó. Kí àwọn ọ̀dọ́ méjì tó mọ èdè náà gba iṣẹ́ síbòmíràn lọ́jọ́ kan náà ni, kí ó kù sí ọwọ́ ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ ní kí ẹni kẹta kọ́ ọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

*Mo ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àdàtán. A fẹ́ tò orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sínú fáìlì ìṣètò kan, pẹ̀lú àmì ohùn pé pérépéré. Ṣé Pkl mọ àmì ohùn?*
— Olùkọ́, Àdàtán

Ó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni pé kò ní sọ orúkọ wọn di àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo bí àwọn ètò àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Síbẹ̀, ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó dá èdè náà kò gbẹ́, a sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó já sínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í ka lẹ́tà bí a ṣe ń kà á. Ó ní ẹ gẹ́gẹ́ bí odindi kan, ó ní ò gẹ́gẹ́ bí odindi kan, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ ní odindi. Ẹ ni yóò kọ́kọ́ kọ, yóò wá gbé àmì òkè lé e lórí. Àwọn kíbọọ̀dù mìíràn kì í tilẹ̀ lo odindi kankan, wọ́n á kọ e, wọ́n á kọ àmì abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á kọ àmì òkè lọ́tọ̀. Orúkọ ìlú wa, Abẹ́òkúta, lẹ́tà mẹ́jọ ni lójú ẹ̀yin àti èmi. Lójú kọ̀ǹpútà, 9 ni bí ó bá jẹ́ kíbọọ̀dù àkọ́kọ́ ni a fi kọ ọ́, 12 ni bí ó bá jẹ́ ti èkejì. Lójú ìwé, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Ẹ wò wọ́n títí, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Pkl bóyá wọ́n dọ́gba, yóò dáhùn pé wọn kò dọ́gba, òótọ́ ni yóò sì sọ.

Ohun méjì ló tẹ̀yìn èyí wá. Ẹ má ṣe fi length ṣe òfin fún orúkọ Yorùbá rárá, bí mo ṣe ṣe fún àmì ìpínlẹ̀ lókè, bí ohun tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ kí àyè orúkọ má ṣófo, ẹ kọ String(!isEmpty). Èkejì, kí gbogbo àwọn tí yóò tẹ orúkọ lo kíbọọ̀dù kan náà, tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan fi ètò kékeré kan sọ gbogbo orúkọ di irú ìkọ̀wé kan ṣoṣo, NFC ni wọ́n ń pè é, kí ó tó wọ inú fáìlì. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ní èsì ìdánwò méjì, tí orúkọ rẹ̀ sì fara hàn lẹ́ẹ̀mejì láìyàtọ̀. Ní ti orúkọ tí ẹ fún àwọn àyè inú fáìlì, bí owo àti ami, lẹ́tà lásán ni mo máa ń lò. Ó dùn mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn àmì ohùn, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà kò ní rí ni, kíbọọ̀dù gbogbo ènìyàn sì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ẹ́.

*Mo mọ Python dáadáa. Kí ni mo tún fẹ́ fi èdè mìíràn ṣe nítorí fáìlì ìṣètò lásán?*
— Òǹkàwé kan, Ọbańtokò

Nítorí pé Python lè ṣe ohun gbogbo, fáìlì ìṣètò kò sì gbọdọ̀ lè ṣe ohun gbogbo. Fáìlì tí a fi Python kọ lè pa fáìlì mìíràn rẹ́, ó lè pe ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè fún yín ní èsì kan láàárọ̀ àti òmíràn lálẹ́. Pkl kì í fọwọ́ kan ohun tí ẹ kò ní kó fọwọ́ kàn. Ẹ lè sọ fún un, nígbà tí ẹ bá ń pè é, irú fáìlì àti irú àdírẹ́sì tó láṣẹ láti kà. Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ fi kọ nǹkan tí kò ní parí láéláé, ìdí nìyẹn tí --timeout fi wà lára àwọn àṣẹ rẹ̀. Bí ìyẹn bá kó yín láyà sókè, ẹ wo Dhall, èdè ìṣètò mìíràn tí wọ́n dìídì ṣe kí ohun tí a bá fi kọ máa parí dandan. Kì í sì í ṣe Pkl ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí: Jsonnet ti jáde láti Google ní ọdún 2014, CUE wà, Nickel sì pé ẹ̀dà 1.0 ní ọdún 2023. Bí ẹ bá ń fẹ́ èyí tí òdo ti kúrò níwájú rẹ̀, Nickel yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ní kí ẹ tọ́ wò.

*Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo ń tà ní Kútọ̀. Ọmọ mi ṣe ojú òpó kékeré kan fún mi kí ó tó lọ sìnrú ìlú. Fáìlì ìṣètò kan ṣoṣo ló ní, ìlà méjìlá ni: orúkọ ọjà, nọ́ńbà fóònù mi, aago tí mo ń ṣí àti aago tí mo ń pa dé. Ṣé kí n ní kó yí i padà sí èdè tuntun yìí?*
— Òǹkàwé kan, Kútọ̀

Rárá, mà. Ìlà méjìlá tó ń ṣiṣẹ́ kò nílò èdè tuntun, ẹ kò sì ní páànù kankan láti gé nígbà tó jẹ́ pé aṣọ kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ pa láró. Bí ó bá jẹ́ YAML ni ọmọ yín fi kọ ọ́, ẹ ní kí ó fi àmì àyọlò sí nọ́ńbà fóònù yín nítorí ohun tí a sọ fún ará Ìtókú, kí ó sì fi sí aago náà pẹ̀lú. Nínú ẹ̀dà 1.1, 8:30 tí a kọ lásán kì í ṣe aago lójú kọ̀ǹpútà; á sọ 8 náà di ọgọ́ta-ọgọ́ta, á fi 30 kún un, àwọn oníbàárà yín á sì máa kà á lórí ojú òpó pé aago 510 ni ẹ ń ṣí.